Padà Síbi Tó O Ti Wá!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe di ẹni tí ń tẹ̀lé kíríkẹ́ẹ̀tì, eré òyìnbó tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá òyìnbó arúgbó kan tí mo ń tọ́jú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù ló kó o ràn mí. Bàbá náà kì í jẹ́ kí n yí tẹlifíṣọ̀n síbòmíràn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń gbá ìdíje kan ṣoṣo. Wọ́n á dá a dúró jẹun ọ̀sán, wọ́n á tún dá a dúró mu tíì, ọjọ́ karùn-ún sì lè pé kí ẹnikẹ́ni má borí. Mo ní irú ìyà wo rèé? Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, èmi ni mò ń pariwo mọ́ rẹfirí, bàbá ló ń ní kí n rọra.

Nínú gbogbo rẹ̀, ti England àti Australia ló ń dùn jù. Bí orogún ni wọ́n rí síra wọn. Láti 1882 ni, nígbà tí Australia wá lu England nílé wọn ní pápá The Oval, tí ìwé ìròyìn kan sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kíríkẹ́ẹ̀tì England ti kú, pé wọ́n á sun òkú rẹ̀, wọ́n á sì kó eérú rẹ̀ lọ sí Australia. Eérú yẹn ni wọ́n ń du títí dòní. Orílẹ̀-èdè ńlá méjì o! Ìkòkò tí wọ́n ní eérú ọ̀hún wà nínú rẹ̀ wà ní pápá Lord's ní Lọ́ńdọ̀nù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju ife tíì lọ. Tìróò ìyá mi àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba.

Ọjọ́ ìdána ọ̀rẹ́ mi wá bọ́ sí Sunday, ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2019. Kò dùn mọ́ mi, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀, torí England ti gba ìyà tirẹ̀ tán lọ́wọ́ Australia ní pápá Headingley. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá, gbogbo wọn pátá, ayò 67 ni wọ́n rí jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo máa ń dá jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Nígbà kejì, wọ́n wá ń lé ayò 359 kí wọ́n tó lè borí. Mo ní kó tó di aago kan tí wọ́n pè wá sí, Australia á ti lù wọ́n tán.

Aago kan inú ìwé ìpè, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Aago mẹ́ta ti kọjá kí àwa ará ilé ọkọ tó tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, nínú ooru, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ben Stokes tó ń gbá fún England ò sì tíì kú. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò nídìí gbígbá la ń pè ní ẹni tó kú.

Fìlà abetí-ajá ni wọ́n yàn fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi etí fìlà yẹn ṣe, kó wá bi mí. Mo ki fóònù sápò bùbá, mo fa okùn íápíìsì gba abẹ́ agbádá gòkè, mo ki orí rẹ̀ sétí ọ̀tún, mo fi etí fìlà bò ó. Ẹni tó tò sẹ́yìn mi gan-an ò fura.

Bí a ṣe ń jó wọlé ni ẹni kẹsàn-án England kú. Ó wá ku Jack Leach, ọmọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ pé jíju bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbígbá. Ayò 73 ló sì kù. Leach kú báyìí, ó parí. Alága ìjókòó ní ká dọ̀bálẹ̀, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí àyà mi ṣe kanlẹ̀ ni Stokes gbá ọ̀kan sókè réré, ayò mẹ́fà! Ó tún gbá òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù mọ òfin yìí: bó o ṣe wà nígbà tó ń dáa ni kó o ṣe wà. Tó o bá yíra padà, ìwọ lo bà á jẹ́. Alága ní ká dìde. Gbogbo wọn dìde. Èmi ò dìde.

"Ẹ wo èyí!" Alága ìjókòó kígbe. "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́! Ó ní òun ò tíì kí yín tán!"

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ìyá ìyàwó. Àǹtí kan dìde, ó ń náwó lé mi lórí, onígángan ń kì mí ní oríkì tí kì í ṣe tèmi. Nílẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà tí Leach fi nu awò ojú rẹ̀, tó tún dènà bọ́ọ̀lù kan. Mi ò níyì tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ká ní mo bọ́ íápíìsì nígbà yẹn ni.

Nígbà tí ìyàwó máa fi wọlé, ó ku ayò méjì. Wọ́n fi ìbòjú bò ó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò tẹ̀lé e, ó ń jó bọ̀ jẹ́jẹ́ bíi pé ilẹ̀ ń dùn ún. Stokes gbá bọ́ọ̀lù, kò lọ jìnnà. Kí lẹ rò pé Leach ṣe? Ó sáré jáde! Stokes ò sì kúrò lójú kan. Ọmọ ọlọ́mọ ti ré kọjá àárín ọ̀nà, bọ́ọ̀lù sì ti ń bọ̀ sọ́wọ́ Nathan Lyon, ará Australia tó máa fi pa á. Mi ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sókè.

"PADÀ! Padà síbi tó o ti wá!"

Ìyàwó dúró gbọnin. Akọrin dákẹ́. Onígángan rò pé ara eré ni, ló bá fi ìlù tún un sọ: padà síbi tó o ti wá, padà síbi tó o ti wá. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ ketekete. Ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Lyon, èmi náà sì ké pé, "Ọpẹ́ o!"

"Ta ló ní kí ọmọ mi padà?" Ìyá ìyàwó ti dìde. "Ó tún ń dúpẹ́!"

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ìyàwó ni mò ń bá wí. Jack ni."

"Jack?" Ó yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Jack wo?"

Tẹbí tọ̀rẹ́ yíjú sí ìyàwó. Ọ̀rẹ́ mi dìde lórí àga ọkọ ìyàwó. Ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìbòjú, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe.

"Mọ́mì, èmi ò mọ Jack kankan o!"

"Èyí tó wọ awò ojú yẹn ni," mo ní, bíi pé ìyẹn á là á yé wọn.

Alága ìjókòó ò bá mi jiyàn. Ó rìn wá, ó ká etí fìlà mi sókè bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò, ó rí okùn, ó fà á. Fóònù bá okùn jáde lábẹ́ agbádá bí ẹja lẹ́nu ìwọ̀. Ó gbé e lọ sáàárín ẹrù ìdána, ó tẹ́ ẹ sórí iṣu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin.

"Bọ̀dá, ó ti di tiwa. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lẹ máa fi rà á padà."

A bẹ̀ ẹ́ títí ó fi já a sí ogójì. Gbogbo owó tí wọ́n ná lé mi lórí ò tó o, owó ọkọ̀ mi ni mo fi kún un. Wọ́n ní kí n tún dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń wo iṣu. Ohùn ń jáde nínú íápíìsì tíntín bíi ti ẹ̀fọn, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lójijì igbe sọ nílé ìdáná. Òyìnbó tó ń mójú tó gbọ̀ngàn ló já jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fò sókè bí ẹni tí iná jó.

Ìyá ìyàwó wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé èyí ni Jack?"

Alẹ́ ni mo tó rí i wò. Nígbà tí wọ́n ń bi mí léèrè Jack ni bọ́ọ̀lù kan Stokes lẹ́sẹ̀ níbi tó lè ti kú, tí rẹfirí ní kò kú, tí Australia ò sì lè pè é lẹ́jọ́ torí wọ́n ti fi àyẹ̀wò fídíò tó kù fún wọn ṣòfò lórí Leach. Stokes jẹ 135. Leach dojú kọ bọ́ọ̀lù 17, ayò kan péré ló jẹ, òun ló sì mú wọn dọ́gba kí Stokes tó gbá mẹ́rin tó parí rẹ̀. Mo wo ibi tí Leach ti sáré jáde yẹn lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo sì ń pariwo "padà" nígbà kọ̀ọ̀kan. Oṣù tó tẹ̀lé e, Australia lù wọ́n ní Manchester, wọ́n sì di eérú wọn mú.

Ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ ti bí méjì báyìí. Tí mo bá kanlẹ̀kùn wọn, ìyàwó á ti inú ilé béèrè pé ta nìyẹn. Tí mo bá ní èmi ni, á ní, "Padà síbi tó o ti wá," kó tó ṣílẹ̀kùn. Orúkọ tó fi mí pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ ni Jack.