Ìgbẹ́ Ẹran, Omi àti Ẹ̀fọ́ tí a kò ní Sè

Ní agbègbè Ìdó, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni mo ti ń dá oko ẹ̀fọ́, ọ̀nà tó ń dá agbára ilẹ̀ padà ni mo sì yàn láti máa gbà ṣe é. N kì í sun pápá, n kì í tú ilẹ̀ jinlẹ̀, mo máa ń fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́, ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ewúrẹ́ ni mo sì fi ń ṣe ajílẹ̀ dípò èyí tó ń wá nínú àpò. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí àwọn oníbàárà máa bi mí, tí wọn kì í sì í sábà béèrè: ẹ̀fọ́ tí a fi ìgbẹ́ ẹran tọ́, ṣé kò ní kó àìsàn ran ẹni tó bá jẹ ẹ́? Ó dá mi lójú pé a lè tọ́jú ilẹ̀ kí a má sì fi ẹ̀mí ẹni tí yóò jẹun wewu, ṣùgbọ́n àbójútó ilẹ̀ nìkan kò tó láti sọ ẹ̀fọ́ di aláìléwu; iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní òfin tirẹ̀.

Nínú ìfun màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni irú E. coli (kòkòrò àìfojúrí inú ìfun) kan tí wọ́n ń pè ní O157:H7 máa ń gbé láìpa ẹran náà lára. Bí ó bá wọ ara ènìyàn, ó lè fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá ti ọmọdé. Salmonella, kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í jìnnà sí ilé adìyẹ ní tirẹ̀. Iná a máa pa méjèèjì, ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ rírò tó hó dáadáa kò fi jẹ́ ohun tí ń kó mi lọ́kàn sókè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí ẹni tó ń ta ṣúyà lálẹ́: kábéèjì, àlùbọ́sà àti tòmátì tí ó gé lé ẹran lórí ìwé ìròyìn yẹn kò rí iná rárá. Kúkúmbà tí àwọn ọmọ ń jẹ lójú pópó kò rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́túùsì inú sàláàdì níbi ìnáwó. À ń jẹ ohun tútù ju ti àwọn ìyá wa lọ, kò sì yẹ kí àwa àgbẹ̀ máa ṣe bí ẹni pé ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò bá wa parí iṣẹ́ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà kọ́ mi lọ́gbọ́n púpọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, ẹ̀fọ́ spinach tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá kó O157:H7 ran nǹkan bí 200 ènìyàn káàkiri ìpínlẹ̀ 26, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Nígbà tí àwọn olùwádìí tọpa rẹ̀ dé oko, wọ́n rí irú kòkòrò kan náà nínú ìgbẹ́ màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní tòsí ibẹ̀. Ìbẹ̀rù mú àwọn tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí oko mọ́ gbalasa: kí àgbẹ̀ hú igbó etí oko, kí ó gé igi bèbè odò, kí ẹyẹ àti ẹranko má ríbi fara pamọ́ sí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ti náwó gbin igi sí ààlà oko wọn tún náwó hú u.

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan gbé àbájáde nǹkan bí 250,000 àyẹ̀wò jáde, tí wọ́n kó jọ láti oko 295 ní Amẹ́ríkà, Mẹ́síkò àti Chile. Wọ́n rí i pé igbó tí wọ́n hú kò dín kòkòrò àìsàn kù. Àwọn oko tó hú u gan-an ni kòkòrò náà ti pọ̀ sí i jù lọ. Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn ní àwọn oko etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà fi hàn pé níbi tí wọn kò ti ń lo oògùn kẹ́míkà, yímíyímí àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú ilẹ̀ a máa gbógun ti E. coli inú ìgbẹ́ ẹran. Yímíyímí tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá lójú ọ̀nà oko ń bá wa ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn pa á.

Àmọ́ yímíyímí kò lè gbà wá lọ́wọ́ ìgbẹ́ tútù tí a dà sí ìdí tẹ̀tẹ̀ lónìí, tí a ó sì já ẹ̀fọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Àkókò ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin Amẹ́ríkà fún oko tí kì í lo kẹ́míkà sọ pé ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀ ní ó kéré tán 120 ọjọ́ kí a tó kórè ohun tí ibi tí à ń jẹ lára rẹ̀ ń kan ilẹ̀, àti 90 ọjọ́ fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí náà àgbàdo ni mo ń fi ìgbẹ́ tútù bọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé, inú ihò àgbàdo ni mo ń fi sí, mo sì ń fi erùpẹ̀ bò ó, èyí tí kò béèrè pé kí n tú gbogbo ilẹ̀. Bí a bá ti ya àgbàdo náà tán, igi rẹ̀ ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ kí n tó gbin ẹ̀fọ́ sáàárín rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti àgbàdo pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ̀fọ́ yóò lò yóò mú wa kọjá 120 ọjọ́, agbára ìgbẹ́ náà yóò sì ṣẹ́ kù fún ẹ̀fọ́.

Èyí tí mo bá fẹ́ lò ní kíákíá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ìgbẹ́, koríko àti ewé ni mo ń tò léra wọn di òkìtì. Ìwọ̀n tí òfin kan náà fi lélẹ̀ ni pé kí àárín òkìtì gbóná tó 55°C, ó kéré tán, fún ọjọ́ 15, kí a sì dà á síra ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Ìdà náà ṣe pàtàkì, torí ẹ̀yìn òkìtì kì í gbóná bí inú rẹ̀, kòkòrò tó bá sá sí ẹ̀yìn yóò yè. Mo máa ń ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀. Bí mo bá fà á yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọwọ́ mi kò gbà á, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n tẹmómítà ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe ọwọ́. Ṣọ́bìrì tí a fi kó ìgbẹ́ tútù kì í kan èyí tó ti jinná. Ìsàlẹ̀ oko ni òkìtì sì wà, kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ sórí ẹ̀fọ́.

Ilẹ̀ tí n ó gbin lẹ́túùsì sí kì í rí ìgbẹ́ ẹran rárá. Yèrèpè, irú èyí tí kì í yún ni, ni mo ń gbìn sórí rẹ̀ ṣáájú, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Mono ní orílẹ̀-èdè Benin fi borí ẹ̀kan ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó ń fa naitirójìn inú afẹ́fẹ́, tí í ṣe oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, wọ ilẹ̀, ewé rẹ̀ ń jẹrà sí ibẹ̀, kò sì gbé kòkòrò ìfun ẹran kankan wá.

Koríko tí a fi bo ilẹ̀ ń ṣe ju pípa ọ̀rinrin mọ́ lọ. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀ sórí ilẹ̀ ṣíṣí, erùpẹ̀ a máa ta sí abẹ́ ewé, ohun yòówù tó wà nínú erùpẹ̀ náà yóò sì bá a gòkè. Ní ti omi, láti kànga tó wà lókè ilé adìyẹ ni mo ti ń fà á, ìdí ẹ̀fọ́ ni mo sì ń da á sí. Àwọn tó ń fi omi gọ́tà inú ìlú bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe é nítorí pé kò sí omi mìíràn nítòsí wọn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè pe ẹ̀fọ́ náà ní ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ láìsè.

Ibi tí ọkàn mi kò tíì balẹ̀ ni ọjà. Gbogbo ìṣọ́ra oko lè parí sínú abọ́ kan. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ a máa ti ọwọ́ bọ omi, a wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ kí ó má baà rọ, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, omi kan náà nínú abọ́ kan náà. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹ̀fọ́ tó bá rọ kò ní oníbàárà. Mo ti bẹ àwọn ìyá tó ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi pé kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà, èsì wọn sì ni pé ẹ̀rọ omi jìnnà sí ìsọ̀ wọn, ẹni tó ń pọn omi sì ń gba owó lórí garawa kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ omi kan ní ìlà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni mo ń bá àwọn olórí ọjà sọ báyìí, mo sì ti ṣèlérí pé n ó dá nínú owó rẹ̀.