Kóró ìbẹ́pẹ tí wọ́n fún àbúrò mi kó lè lóyún

Ṣé ẹ mọ bí kóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ ṣe máa ń rí? Dúdú, ó hunjọ bíi ti ìyèré, tẹ́ ẹ bá fi eyín fọ́ ọ, á ta yín lẹ́nu. Ọ̀rá kan rẹ̀ ni àbúrò mi gbé lọ́wọ́ ní Sátidé tá a ti ọjà Àtakúnmọ̀sà dé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti wọlé ọkọ, ojú ọmọ sì ti ń pọ́n ọn. Màmá lẹ́kùlẹ́já tó tà á fún un ní, "Ìyàwó mi, lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ̀kọ gbígbóná ni kó o fi mu ún láàárọ̀, ọjọ́ méje péré, á fọ ilé ọmọ ẹ mọ́."

Mi ò lè bá màmá jiyàn níwájú ìsọ̀ wọn, inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an, torí Pharmacy ni mo kà ní Ifẹ̀, mo sì mọ̀ pé kóró yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò láti fi DÈNÀ oyún! Wọ́n fún abo eku ní omi rẹ̀, oyún ò dúró dáadáa. Ní Íńdíà wọ́n fún akọ ọ̀bọ, nígbà tí wọ́n yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò, kò sí irúgbìn tó ń di ọmọ kankan nínú ẹ̀ mọ́, ìgbà tí wọ́n dá a dúró ló tó padà. Orógbó náà, nígbà tí wọ́n fún abo eku ní ògidì omi rẹ̀, ẹyin ò jáde bó ṣe yẹ. Kóró lárà ńkọ́? Ìyẹn ni àwọn obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Plateau ń gbé mì láti fi ṣe fètò-sọ́mọ-bíbí, ẹ má sì dán an wò o, torí májèlé ricin wà nínú ẹ̀, téèyàn bá jẹ ẹ́ lẹ́nu ó lè pa á.

Òótọ́ ni pé eku kì í ṣe èèyàn, orógbó tẹ́ ẹ jẹ níbi ìsọmọlórúkọ ò ní sọ yín di àgàn. Àmọ́ ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní àràárọ̀?

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Tó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ló dí, èyí tí àìsàn ojú ara tí wọn ò tọ́jú máa ń fà nílùú wa níbí, ẹ̀kọ ò lè débẹ̀ lọ ṣí i. Wọ́n ní kí tọkọtaya tí wọ́n ti jọ wà fún oṣù 12 láìsí oyún lọ rí dókítà, àwọn MÉJÈÈJÌ o, torí bí ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni ọwọ́ ọkùnrin máa ń wà nínú ẹ̀, àmọ́ obìnrin nìkan la máa ń lọ nǹkan fún.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un nínú kíṣíìnì. Kò fèsì, ó kàn ń fi ìka yí kóró kan lórí tábìlì, omi wá bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa sọ fún ọkọ mi pé kó lọ yẹ àtọ̀ wò?" Mo ní èmi ni.

Àná ni mo pe ọkọ ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo la máa lọ?" Ọjọ́bọ̀ la fi sí.