Gíláàsì kì í ṣe oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi láti àárọ̀. Kì í ṣe èmi gan-an ni màmá yẹn sọ ọ́ fún o, ọmọ wọn ni, wọ́n ti ń jáde nígbà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gé gíláàsì wíńdò tà. "Jẹ́ ká máa lọ jàre, gíláàsì kì í ṣe oúnjẹ."

Bọ́ọ̀lù ló fọ́ wíńdò pálọ̀ wọn, ojú kan péré. Wọn ò ní tépù, okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n wá, wọ́n ta kókó méjì sí i, ọ̀kan fún òòró, ọ̀kan fún ìbú. Mo pe owó, wọ́n wò mí bíi pé mo bú wọn. "Ṣé gíláàsì náà ń jẹ dọ́là ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà.

Àwàdà kọ́. Ìgò la ń ṣe nílẹ̀ yìí, ṣíìtì tá à ń gé, ìyẹn gíláàsì pẹlẹbẹ ńlá, òkè òkun ló ti ń wá, ti Ṣáínà ló pọ̀ jù. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò tíì tó 500 ní báńkì, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti lé ní 1,500. Iye tí mo ń ra ṣíìtì kan nígbà yẹn, ẹ jẹ́ n máà sọ ọ́, inú á kàn tún bí mi ni.

Àmọ́ kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún fi ń dùn mí? Ṣebí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí ń wá owó gààrí, kí ló kàn án kan wíńdò. Èmi alára, fèrèsé kíṣìnì wa láti oṣù tó kọjá... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ìyàwó mi máa ń ka ibí yìí.

Oúnjẹ kọ́, àmọ́ òun lèmi ń jẹ ṣá.

Lọ́sàn-án, lánlọ́ọ̀dù kan dé. Ẹni tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun máa yọ gbogbo lúfà ilé òun, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣí tó ń pa, òun á fi slídìn, wíńdò tí wọ́n ń fà, sí i! Lúfà mẹ́fà ló wá ṣe, gíláàsì wíńdò àtijọ́ ló tún gbé wá pé ká gé e lára ẹ̀. Sikiru, ọmọ iṣẹ́ mi, ti kọ́tà tá a fi ń gé gíláàsì bọ kẹrosín, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kíríííí, ó fi ìdí kọ́tà kàn án lábẹ́, kọ́ kọ́ kọ́, ó yà gééré. Inú mi dùn, mo ní ọmọ yìí ti ń mọṣẹ́. Bó ṣe kan ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ló fọ́ sí mẹ́ta, gíláàsì tó ti gbó kì í gbọ́ràn sí kọ́tà lẹ́nu. Ẹ̀rín ni mo rín. Tèmi ni mo fi dí i, ẹyọ tí mi ò gbowó ẹ̀.

Kọngílá kan tún pè nírọ̀lẹ́ pé kí n fi gíláàsì tó nípọn ní 4mm síbi tá a kọ 5mm sí, ta ló máa wọ̀n ọ́n. Mo ní rárá o. Irọ́ ni, mo ní kó jẹ́ n rò ó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Màmá yẹn padà wá o, mi ò tíì sọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi yípadà, àyà mi já, mo ti ń ṣírò iye tí màá yọ nínú owó ọ̀hún fún wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní páálí tẹ́ ẹ ò lò mọ́?"

Páálí fíríìjì kan wà lẹ́yìn ògiri tá a máa ń tẹ́ sábẹ́ gíláàsì. Mo ní kí Sikiru bá wọn gé e. Ó na okùn wọn sórí ẹ̀, kókó sí kókó, ó gé e gẹ́lẹ́.