Òkú Kọrin Nínú Mọ́tò Mi

Ìyá ìyàwó mi ò tíì wọ mọ́tò mi látọjọ́ yẹn o, bẹ́ẹ̀ mọ́tò náà ò ṣe nǹkankan fún wọn.

Ẹ ṣáà mọ bí mo ṣe ń yangàn pẹ̀lú àwo Kenny G, afọnfèrè ará Amẹ́ríkà nì, èyí tó gbé jáde ní 1999, tó ti ń fi saxophone fọn orin táwọn ẹlòmíì ti kọ kó tó dé. A kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, à ń lọ Ọ̀yọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Odò Ọbà, tírélà ń fò wá kọjá, màmá jókòó síwájú wọ́n ń mi orí sí fèrè, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, orin yín yìí tutù o." Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀ ni! Àmọ́ èmi ọ̀jọ̀gbọ́n tí ò ní yunifásítì, bí "What a Wonderful World" ṣe wọlé báyìí, mo lanu.

"Màmá, ẹ ń gbọ́ ohùn líle yẹn? Louis Armstrong ni. Ó ti kú láti 1971. 1967 ló kọ ọ́, Kenny G wá lọ gbé ohùn ẹ̀, ó fọn fèrè tiẹ̀ mọ́ ọn."

Orí ò mì mọ́.

"Ta ló ti kú?"

Mo ní ẹni tó ń kọrin.

"Ta ló wá ń kọrin báyìí?"

Mo ní òun náà ni.

"Ẹ" tí wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ ìdána di "o" lójú ẹsẹ̀: "Pa á! Mo ní kí o pa á!" Ẹ̀yin èèyàn mi, síídì ti há sínú rédíò mọ́tò yẹn látijọ́, bọ́tìnnì tó ń dín ohùn kù ti já, èyí tó ń gbé e sókè nìkan ló kù, òun náà ni ọwọ́ mi bà. Ohùn òkú gba gbogbo mọ́tò! Gíláàsì ń gbọ̀n, màlúù ẹ̀bá ọ̀nà gbórí sókè wò wá. Màmá bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 91, Armstrong ń gbè é. Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti dún gbòlà.

Màmá tí orúnkún ń dùn ti dé etí igbó kí n tó pa iná mọ́tò.

Fọkanáísà tá a pè sọ pé ìṣó ni. Màmá ní, "Ta ló fi ìṣó síbẹ̀?"

Ó wá dùn mí. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ń jó sí Àyìnlá Ọmọwúrà ní gbogbo Sátidé (kí pásítọ̀ wọn má gbọ́), Àyìnlá tó kú ní 1980! Mo sọ ọ́, ẹnu mi ò kúkú gbélé.

"Àyìnlá? Òkú tí mo mọ̀ nìyẹn. Ìgbà tó wà láyé làwọn onílù ẹ̀ bá a lù ú. Èwo ni ti ẹni tó dúró dìgbà tí onílé kú, tó wá lọ fọn fèrè mọ́ ọn lẹ́nu? Ṣé ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ fèsì, mo bá rántí pé Pat Metheny, onígìtá jazz ní Amẹ́ríkà, bínú sí Kenny G gidi lórí orin yìí gan-an, ó ní àrífín ni sí Armstrong. Onígìtá yẹn àti ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ò ríra rí, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n dá. Mo gbé ẹnu mi pamọ́.

Fọkanáísà ń dé nọ́ọ̀tì lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, orin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó dùn o. Ta ló kọ ọ́?"

Màmá yíjú sí mi.

Mo ní n ò mọ̀ ọ́n rí.