Kàbà, Ọjọ́ Ẹtì: Abẹ́rẹ́ Kò Tíì Dé

Ọjọ́ 19, oṣù Kẹta, ọdún 2021

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àbújá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi fọ́tò káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ara òun gbóná lóru ọjọ́ náà, apá sì ń ro òun, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun jẹun, òun sì gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Lábẹ́ fọ́tò yẹn ló wá kọ ìbéèrè kan sí: "Yèyé wa ńkọ́?" Mo ti kà á, ó sì ti rí i pé mo ti kà á. Mi ò tíì fèsì.

Ọjọ́ 2 oṣù yìí ni bàálù gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca àkọ́kọ́ wá sí Àbújá, mílíọ̀nù 3.92, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é, COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè, ló fi ránṣẹ́. Ọjọ́ 5 ni wọ́n gún dókítà kan, Cyprian Ngong, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ààrẹ Buhari náà ká apá aṣọ sókè níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹnì kan máa gbà á, torí náà iye tó dé yẹn kò kárí mílíọ̀nù 2 èèyàn nínú orílẹ̀-èdè tó lé ní mílíọ̀nù 200. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló sì kọ́kọ́ kàn. Mo mọ èyí. Ká ní Àbújá ni Yèyé ń gbé, wọ́n ṣì máa dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró ní Àbújá mọ ẹni tó wà níwájú òun. Àwa tí a wà ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, a ò tíì mọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀.

Èkìtì ti gba tirẹ̀. Kwárà ti gba tirẹ̀. Tí mo bá wọ ọkọ̀ níbi yìí, tí mo gba ọ̀nà Ìyamoyè, Òmùò-Èkìtì ni mo máa já sí. Kogí nìkan ni NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín abẹ́rẹ́ náà, kò tíì fún. Ìdí méjì ni wọ́n sọ. Èkíní, wọ́n ba ilé òtútù tí ìpínlẹ̀ wa fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ jẹ́ nígbà rògbòdìyàn EndSARS ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, wọn ò sì tíì tún un ṣe tán. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu gómìnà wa, Yahaya Bello, jáde. Kò tíì ju oṣù Kìíní tó kọjá yìí lọ tó sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ náà kó àrùn tó máa pa wá wọ ara wa ni.

Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ ilé òtútù ṣeré. Ínsúlìn Yèyé wà nínú fíríìjì kékeré tó wà lẹ́yìn káńtà ní kẹ́míìsì mi. Ìwọ̀n 2 sí 8 °C ni òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín. Bó bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Òfin kan náà ló de AstraZeneca. Ẹ wá wo Kàbà, níbi tí iná lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, kí a má rí i mọ́ títí di Ọjọ́rú. Owó epo bẹntiróòlù tí mo ti rọ sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí ìgò ínsúlìn tó kéré sí àtàǹpàkò mi, mi ò fẹ́ ṣírò rẹ̀. Àbúrò mi tún ṣàlàyé nǹkan kan fún mi: ìgò abẹ́rẹ́ yìí kan, èèyàn 10 ni. Tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ lù ú, wákàtí 6 ló kù fún un. Nọ́ọ̀sì tó bá gbé e dé abúlé kan ní Bùnú, tí èèyàn mẹ́ta péré sì yọjú, kí ló fẹ́ ṣe? Kó ṣí i, kí ti àwọn méje tó kù dànù? Àbí kó ní kí àwọn mẹ́ta yẹn padà sílé? Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí ni mo ti ń ro mẹ́wàá.

Alaalẹ́ ni mo máa ń wo iye àwọn tó kó kòrónà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ń gbé jáde. Gbogbo Nàìjíríà ti lé ní 160,000. Kwárà tó bá wa pààlà ti kọjá 2,000. Kogí: 5. Àwọn 2 kú, ara àwọn 3 yá, ó parí. Láti ọdún tó kọjá ni 5 yẹn ti jókòó síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Àlejò tó bá wo tábìlì náà á rò pé a ní oògùn kan tá a fi pamọ́ fún aráyé. Oògùn náà ni pé a kì í ṣe àyẹ̀wò. Èmi tí mo ń ta oògùn mọ ohun tí mo tà ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Oògùn ikọ́ tán, mo tún ra òmíràn, ó tún tán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọyẹ́ ọdún yìí le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Obìnrin kan wá bá mi, ó ní òun ń da irú sínú ọbẹ̀ títí ọkọ òun fi pariwo, pé òun ò gbóòórùn kankan. Mo ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ó bi mí pé níbo. Àwọn àgbà tó kú ní àdúgbò wa láàárín ìgbà náà, ibà ló pa wọ́n, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ọjọ́ orí. Ìyẹn ni wọ́n kà létí wa níbi ìsìnkú.

Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn pé ìjọba wa kò gbà pé àrùn wà, kó rántí oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2020 ni NCDC kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ ní Kogí, orúkọ Kàbà sì gba ẹnu gbogbo ayé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ìjọba kan náà ní kónílé-ó-gbélé ọjọ́ 14 fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú! Àrùn tí kò sí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ti ìlú mọ́ wa lórí. Ọjà dá páropáro. Àwọn tí iṣu wọn wà lóko gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ wò ó, torí ewéko kò mọ kónílé-ó-gbélé. Èmi ń ka ìwọ̀n ínsúlìn tó kù, torí ẹni tó ń gbé oògùn wá fún mi láti Lọ́kọ́jà kò lè wọlé. Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé ni wọ́n ti tú u sílẹ̀, bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ wẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ṣe fagi lé e wẹ́rẹ́.

Ti ìlú parí nígbà náà. Ti Yèyé kò tíì parí. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn tipẹ́, èmi ni mo sì ní kí wọ́n jókòó sílé. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń wà láti àárọ̀, wọ́n á gbé àga sẹ́yìn ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ń kọjá á kí wọn, "Òkun o, Yèyé!" wọ́n á dáhùn, wọ́n á bi í ní ọmọ, wọ́n á bi í ní oko, ẹni yẹn á dúró sí ìta títí oòrùn á fi lé e lọ. Ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ń wá kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, orin ni wọ́n ń kọ láti àgbàlá. Ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ṣe omidan kú nínú oṣù Kejì. Wọn ò lọ. Wọn ò sọ pé mo ṣe ohun tí kò dáa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú náà, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n we gèlè, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí èèyàn bá bi mí pé kí ni mò ń fi abẹ́rẹ́ ṣe, ìdáhùn mi nìyẹn. Kì í ṣe pé mo rò pé Yèyé kò ní kú láéláé. Mo fẹ́ kí wọ́n lè lọ sìnkú ẹgbẹ́ wọn ni.

Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú kẹ́míìsì mi, ibẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àdúgbò. Ìgbà kajú la wà yìí, àwọn tó ń ra kajú ti kún ìlú, ọkọ̀ ẹrù ń wọlé, ọkọ̀ ẹrù ń jáde, kò sì sí ìbòmú lẹ́nu ẹnì kankan àfi èmi tí wọ́n ń pè ní Dókítà Òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kò tán lórí bẹ́ǹṣì. Ní Ọjọ́ Ajé, Jámánì, Faransé àti Ítálì dá AstraZeneca dúró, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ń dì lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Áà! Bẹ́ǹṣì gbóná. Lánàá, àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Yúróòpù ní àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ padà lónìí. Ìròyìn àkọ́kọ́ dé Kàbà láàárín wákàtí kan. Èkejì ṣì wà lọ́nà.

Lóru Ọjọ́rú ni wọ́n kéde ikú Magufuli, ààrẹ Tàǹsáníà, ẹni tó ní àdúrà ti lé kòrónà kúrò ní ilẹ̀ òun, tí kò sì fẹ́ abẹ́rẹ́ kankan. Ìjọba rẹ̀ ní àìsàn ọkàn ni. Bẹ́ǹṣì pín sí méjì lórí ìyẹn náà. Mo ní kí wọ́n fi òkú olóòkú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ gómìnà kankan, àmọ́ gbogbo wa la mọ ẹni tí à ń rò.

Ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù níbẹ̀ ni bàbá kan tó ń ra kajú jọ fún àwọn ará ìta. "Kí wọ́n gún èmi? Kí òyìnbó kọ́kọ́ lọ gún ìyá rẹ̀ ná!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ti fẹ́ máa tilẹ̀kùn, ó wọlé, ó ní kí n fún òun ní parasitámọ́ọ̀lù. Mo fún un. Kò lọ.

"Ìyá Oníkẹ́míìsì, tí nǹkan yẹn bá dé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, àbí?"

"Nǹkan wo?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n."

Òun nìkan kọ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ti bi mí. Ìyàwó díákónì kan ti bi mí, ọkọ rẹ̀ náà ti bi mí, ẹnì kìíní kò sì mọ̀ pé ẹnì kejì bi mí. Bójú bá ti mọ́, wọ́n á tún máa sọ lórí bẹ́ǹṣì pé abẹ́rẹ́ náà ni 666, àmì ẹranko. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tí olórí rẹ̀ bá ní kí wọ́n sá, tó sì ń fẹ́ láti dúró, á fi ẹsẹ̀ sá lọ́sàn-án, á fi ẹnu bèèrè lóru.

Mo sọ ti bẹ́ǹṣì fún Yèyé lálẹ́ àná. Wọ́n fa apá aṣọ wọn sókè, wọ́n fi àpá tó wà níbẹ̀ hàn mí, èyí tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Ìgbà tí wọ́n wá bupá nítorí ṣànpọ̀nná ni. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀rù ò ba àwọn ni. "Tá ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yìn ìkòkò omi ni bàbá mi ti fà mí jáde. Mo tún bu àwọn tó wá jẹ." Ọdún 1970 ni a rí ṣànpọ̀nná kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 1980 sì ni àgbáyé kéde pé ó ti tán. Yèyé kò bá ọdún lọ. Wọ́n ní, "Nígbà tiwa, wọn ò bi wá, wọ́n kàn gún wa ni. Ẹ̀yin tí wọ́n ń bi, ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa sọ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá abẹ́rẹ́ náà máa dé kí ọdún Àjíǹde tó dé. Mo ní kò dájú.

Láàárọ̀ yìí, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mi ò tíì lò, mo kọ orúkọ Yèyé sí ojú ewé àkọ́kọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi: ìdáhùn mi nìyẹn. Mo pe tíṣà, ó ní kí n kọ tòun. Mo kọ ti díákónì sí òkè, ti ìyàwó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo fi àlàfo sáàárín. Tí àwọn tó ń ṣètò abẹ́rẹ́ bá dé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ ní Kàbà, mo fẹ́ lè sọ pé ìgò kan ti ní olúwa, kí wọ́n ṣí i.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá oníkajú dé. Mo ṣí ìwé náà fún un. Ó ní kí n kọ orúkọ ìyàwó òun. Mo kọ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo bẹ́ǹṣì, ó tẹ̀ mọ́ káńtà.

"Ẹ kọ tèmi náà. Àmọ́ ẹ má kọ èyí tí wọ́n ń pè mí níta. Ẹ kọ Sẹfanáyà."

"Ta ni Sẹfanáyà?"

"Orúkọ ìsàmì mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Tí nọ́ọ̀sì bá wá pe Sẹfanáyà jáde níwájú gbogbo èèyàn ńkọ́?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ ní ó ti lọ sóko, pé kó fi tirẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ dè é, ó ń bọ̀."

Mo ní wákàtí 6 péré ni.

"Ó máa tètè dé," ó ní.