Ẹ Má Dúró De Nǹkan Oṣù

Tí aboyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, tí mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún un, tí àwa méjèèjì sì ti gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, mo máa ń bi í ní ìbéèrè kan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu: “Lẹ́yìn tí ẹ bá bí èyí, ìgbà wo lẹ tún fẹ́ lóyún?” Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á ní, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bí eléyìí ná.” Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ni mí, mo sì ti rí i tó bí ọ̀rọ̀ tí a bá sún di ẹ̀yìn ìbímọ ṣe máa ń rì. Ọmọ ń ké lóru, ọmú ń ro ìyá, ojú ibi tí wọ́n rán ṣì ń dùn ún, oorun ò sì sí. Ta ló fẹ́ jókòó ronú ìfètòsọ́mọbíbí nínú ìyẹn?

Ohun tí mo sì ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu ìyá ìkókó tó bá padà wá ni pé, “Mò ń dúró kí nǹkan oṣù mi kọ́kọ́ dé ni.” Nítorí gbólóhùn yìí ni mo ṣe ń kọ̀wé lónìí, torí òun ló ń mú oyún tí a ò retí wọlé. Nǹkan oṣù kọ́ ló ń ṣíwájú. Ẹyin obìnrin ló ń kọ́kọ́ jáde, bí kò bá sì di oyún, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ń wá. Bí ó bá di oyún, ẹ̀jẹ̀ kankan ò ní wá. Obìnrin á tún lóyún láìtíì fojú kan nǹkan oṣù láti ìgbà tó ti bímọ! Ẹyin ìyá tí kò fún ọmọ lọ́mú lè jáde kí oṣù kan tó pé lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé láti ọjọ́ 21 ló ti nílò ààbò, tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ti ń sùn pọ̀.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú á wá sọ pé tòun yàtọ̀. Lóòótọ́ ló yàtọ̀, n kò ní bá a jiyàn. Bí ọmọ ṣe ń mu ọmú léraléra ni ara ìyá ń dá ẹyin dúró. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: kí ọmọ má tíì pé oṣù 6, kó jẹ́ pé ọmú nìkan ló ń mu tọ̀sán-tòru, láìsí omi, láìsí mílíìkì inú agolo, kí nǹkan oṣù ìyá má sì tíì padà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, nínú 100 obìnrin, nǹkan bí 2 péré ló ń lóyún láàárín oṣù 6 náà. Tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, a ò lè gbára lé e mọ́. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ìyá tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹta, tí ọmọ ń mu mílíìkì inú agolo lójoojúmọ́, tí òun sì gbà tọkàntọkàn pé ọmú tí òun ń fún un lálẹ́ ṣì ń dáàbò bo òun. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Tiwa ni ẹ̀bi ìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí oṣù 24, ó kéré tán, wà láàárín ìbímọ àti oyún tó tẹ̀ lé e. Bí oyún bá tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ẹ̀jẹ̀ lè má tó nínú ara ìyá, ọmọ sì lè wáyé láìtọ́jọ́ tàbí kó kéré jù. Ní ti ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, ojú àpá inú ilé ọmọ nílò àkókò kó fi jinná dáadáa, pàápàá tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ bí èyí tó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí oṣù kẹjọ fi jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Lúùpù wà, ohun kékeré bíi lẹ́tà T tí wọ́n fi bàbà wé, tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. A lè fi sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 tí ibi ọmọ bá ti jáde, tàbí kí wákàtí 48 tó pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ 4. Èyí tí a bá fi sí i lọ́jọ́ ìbímọ lè yọ́ jáde ju èyí tí a dúró fi sí i lọ, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ tún un wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣẹ́jú 10 yẹn. Ṣé inú ìrọbí la fẹ́ kí obìnrin ti pinnu ohun tó máa wà nínú ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún? Kò tọ́. Ẹni tí ara ń ro tó bẹ́ẹ̀ lè gbà fún ohunkóhun kí wọ́n ṣáà fi í sílẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó lè béèrè ọ̀rọ̀, tó lè lọ sílé lọ rò ó, tó sì lè kọ̀, ni ó yẹ ká bá a sọ ọ́.

Ọ̀pá kékeré ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá náà ṣeé fi sí i kí ìyá tó kúrò níbi tó bímọ sí, kódà tó bá ń fọ́mọ lọ́mú. Ọdún 3 sí 5 ló ń lò, bó bá ṣe jẹ́. Nǹkan oṣù lè máa wá ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró, kì í sì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ síbì kankan nínú ara. Tí ẹ bá yọ ọ́ lónìí, ẹ lè lóyún láìpẹ́. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni oyún máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń pẹ́ ni, kò ba ilé ọmọ jẹ́.

Hóró oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lè lò. Èkejì, tí èròjà méjì wà nínú rẹ̀, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ máa ń tètè dì. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí ọ̀sẹ̀ 6 tó pé, ìmọ̀ràn tí a ń tẹ̀ lé sì ni pé kó dúró títí di oṣù 6.

Obìnrin kan gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó sì ní kí n bá òun kọ hóró oògùn èyí tí àbúrò òun ń lò. Mo ní kó jókòó kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò ná. Ó ga gan-an. Nígbà tí mo bi í, ó ní orí ti ń fọ́ òun fún ọjọ́ mélòó kan, àti pé ojú òun ń ṣú, pé òun rò pé àìsùn ni. Láti ìgbà tó ti bímọ, ọmọ ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, ó sì yè é. Oògùn tó wá béèrè yẹn, kò dára fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru rárá.

Nítorí náà, ẹ wá ṣe àyẹ̀wò tiyín, kì í ṣe ti ọmọ nìkan: ní wákàtí 48 sí 72, ní ọjọ́ 7 sí 14, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí ara bá gbóná, tí ohun tó ń jáde lójú ara bá ń rùn, tí orí bá ń fọ́ yín tí ojú ń ṣú, tí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, tí èémí ò bá já gaara, ẹ má ka ọjọ́ kankan. Ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí.

Ọkọ tó bá tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ wá, mo máa ń bá òun náà sọ̀rọ̀ nípa kọ́ńdọ̀mù, àti nípa iṣẹ́ abẹ kékeré tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà àtọ̀ fún ọkùnrin tí kò fẹ́ bímọ mọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n á ṣì fi lo ààbò mìíràn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ìyàwó ló gbé oyún, òun ló rọbí. Ó wù mí kí ọkọ gba nǹkan kan rù nínú rẹ̀.

Àwọn obìnrin kan á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ ìkankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kọ ọ́ sínú fáìlì wọn, n kì í sì í yí ojú padà sí wọn. Mo ṣáà ń kọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà sínú káàdì wọn, torí ẹ̀tọ́ wọn ni àyẹ̀wò yẹn, bí wọ́n gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, bí wọn ò gbà.