Gbígbé Amẹ́ríkà láìlo credit card nítorí èlé

Ọ̀rọ̀ àwọn àáfáà ò ṣọ̀kan lórí credit card, ìyẹn káàdì tí a fi ń ná owó tí báńkì yáni. Àwọn kan ní kò léwu bí èèyàn bá ń san gbogbo gbèsè rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àwọn mìíràn ní bíbuwọ́ lu ìwé pé òun á san èlé bí òun bá pẹ́, ìyẹn gan-an ti di ọ̀ràn rìbá, èlé tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù kà léèwọ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀rọ̀ kejì, debit ló kù fún un, èyí tí a ń pè ní káàdì ATM nílé.

Kò sóhun tí debit ò lè rà lọ́jà. Owó tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ń dá dúró nínú àkáǹtì yín fúngbà díẹ̀, ni ìṣòro. Bí ẹ bá fi káàdì sẹ́nu páǹpù, ilé epo lè so tó $175 mọ́lẹ̀, nítorí wọn ò tíì mọ iye epo tẹ́ ẹ máa rà. Epo $30 lẹ rà, àmọ́ ìyókù lè há fún ọjọ́ mélòó kan, kí owó iná wá dé bá àpò òfìfo. Ẹ wọlé lọ bá ẹni tó ń gbowó, ẹ san $30 tẹ́ ẹ fẹ́ rà. Òtẹ́ẹ̀lì náà máa ń so owó mọ́lẹ̀ lórí owó yàrá. Àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ ló tún le jù: àwọn kan lè béèrè tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ìpadàbọ̀, kí wọ́n sì yẹ credit yín wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń san gbèsè. Ẹ̀ka tẹ́ ẹ ti máa gbọkọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ pè ṣáájú.

Olè ńkọ́? Bí ẹ bá fi tó báńkì létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 2 tẹ́ ẹ mọ̀ pé káàdì sọnù, ohun tẹ́ ẹ lè pàdánù lábẹ́ òfin ò lè ju $50 lọ. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè di $500. Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì méjì. Owó oṣù àti owó ilé á wà nínú ọ̀kan, káàdì rẹ̀ ò ní jáde nílé. Owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ máa fi sínú ìkejì. Checking, ìyẹn àkáǹtì ìnáwó ojoojúmọ́, tí kì í san èlé ni kí méjèèjì jẹ́.

Bí báńkì bá bi yín nípa overdraft, ìyẹn kí báńkì máa bá yín san ohun tó ju owó inú àkáǹtì yín lọ, ẹ ní ẹ ò fẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ò kan ṣẹ́ẹ̀kì àti owó tó ń lọ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́tọ̀.

Credit score, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, ló ń fa orí fífọ́. FICO, ọ̀kan nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ń lọ láti 300 dé 850, sísan gbèsè lásìkò ló sì kó 35% nínú rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ gbèsè rí lè má ní score kankan. Experian Boost, ètò Experian, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, máa ń ka owó fóònù àti owó iná mọ́ ọn, àmọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ Equifax àti TransUnion, àwọn akẹgbẹ́ Experian, torí náà ẹ bi onílé tẹ́ ẹ fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń yẹ̀ wò. Ẹ kó rìsíìtì owó ilé oṣù 12 àti ìwé owó oṣù dání lọ bá a.